Pèrègún Tí Mo Mú Rìn

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Sodiqat, bá mi gbé ìrọ̀rí yìí sókè díẹ̀, kí n lè máa rí ojú àwọn èèyàn. Kò sí ogún tí mo fẹ́ pín lónìí o, kí ọkàn ẹnikẹ́ni má lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ohun tí dókítà sọ nípa kíndìnrín mi, ọjọ́ tó kù fún mi kò pọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún méjìlá, tí mo rò pé n ó gbé wọ sàréè. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú yàrá yìí tó fẹ́ lọ ṣe nǹkan láàárọ̀ ọ̀la. Bí mo bá panu mọ́ tó fi lọ ṣe é, mo ti tún dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lé èyí tó wà nílẹ̀. N ó sọ ọ́ lónìí yìí, bó ti wù kó rí.

Bàbá Ọláyanjú, baálé àdúgbò wa, mo kí yín, ẹ kú ìnira. Lẹ́mọ́ọ̀mù, ẹ ṣeun tí ẹ tẹsẹ̀ dúró lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Tíṣà Adégbénga, ìwọ àti Ayọ̀tọ́lá ìyàwó rẹ, ẹ̀yin tí ẹ yá ilé mi gbé nígbà kan, mo mọ̀ pé Ilua jìn, ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ ìpè mi. Fàtímọ̀, ìyàwó mi, má wulẹ̀ sunkún, ìwọ lo ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Èyítáyọ̀, ọmọ Kàdírì, ìwọ tí o pọn ọmọ jòjòló sẹ́yìn yẹn, jókòó sí ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà, kí o lè tètè jáde bí ọ̀rọ̀ mi bá le jù fún ọ.

Gbogbo yín lẹ mọ Kàdírì, aládùúgbò mi, bí mo ṣe ròyìn rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé kì í kí ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, ilẹ̀ ni yóò máa wò bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Ẹ mọ̀ pé ó máa ń na òwú òfì rẹ̀ gbọọrọ kọjá níwájú ilé tí mo fi rẹ́ǹtì, tí yóò fi òkúta tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà àwọn ayálégbé mi gan-an, tí Tíṣà kò sì ní lè gbé ọ̀kadà rẹ̀ jáde àfi tó bá gba ẹ̀yìnkùlé. Ewé tútù ló ń jó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọn, èéfín á bo aṣọ tí wọ́n sá. Ayálégbé mẹ́ta ló kó jáde kúrò nílé náà láàárín ọdún mẹ́rin nítorí rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo èyí, mi ò purọ́ mọ́ ọn níbẹ̀. Ohun tó mú un máa ṣe bẹ́ẹ̀ ni mi ò sọ fún yín.

Ọ̀rẹ́ ni wá. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ aṣọ híhun, ojú kan náà là ń jókòó sí, òun lọ́wọ́ ọ̀tún, èmi lọ́wọ́ òsì. Mọ́ládé ìyàwó rẹ̀ ló ń bu oúnjẹ fún mi kí n tó gbé Fàtímọ̀. Bàbá tèmi àti bàbá tirẹ̀ ló jọ ra ilẹ̀ náà, wọ́n pín in sí méjì, wọ́n sì jọ gbin pèrègún sí ààlà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìwé ilẹ̀ tí wọ́n kọ kò ju ojú ewé kan lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ilẹ̀ ẹnì kìíní dé ibi pèrègún, ilẹ̀ ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ láti ibi pèrègún. Wọn kò kọ iye ẹsẹ̀ bàtà sí i. Ta ló máa rò pé pèrègún ń rìn?

Nígbà tí mo fẹ́ parí ilé tí mo fẹ́ fi rẹ́ǹtì, bíríkìlà wò mí lójú, ó ní, “Bàbá Sodiqat, ilẹ̀ yín ò gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ ṣáláńgá àti ilé ìwẹ̀, ẹ ní láti fi yàrá kan sílẹ̀.” Mo ní kí ló ń sọ. Ta ni yóò fi yàrá sílẹ̀? Mo wo pèrègún, mo wo ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí Kàdírì kò fi ṣe nǹkan kan ju kí adìyẹ máa jẹ̀ síbẹ̀. Mi ò bá Kàdírì sọ̀rọ̀. Ká ní mo bá a sọ ọ́ ni, ó ṣeé ṣe kó fún mi. Ohun tó ń dùn mí jù nínú rẹ̀ nìyẹn, pé olè tí mo jà, ohun tí mo lè tọrọ ni.

Oṣù náà gan-an ni àìsàn gbé Mọ́ládé dè. Kàdírì gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ṣakí, Èyítáyọ̀ sì bá wọn lọ láti tọ́jú ìyá rẹ̀. Kí wọ́n tó wọ mọ́tò, Kàdírì kó kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Àsánì, bá mi mójú tó ibẹ̀ o. Ìwọ náà ni mo ní.” Mo ní kó má ṣèyọnu, kó fọkàn balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kejì, nígbà tí gbogbo ọkùnrin àdúgbò wà ní mọ́sálásí, mo sọ fún Fàtímọ̀ pé ara mi ò yá. Mo mú àdá àti ọkọ́, mo hú pèrègún mẹ́rìnlá, mo sì tún wọn gbìn sí ìṣísẹ̀ méje síwájú, lójú ìlà gbọọrọ bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo fi ọkọ́ tẹ́ ibi tí wọ́n ti kúrò, mo sì da yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ lé e lórí. Ẹ mọ igi yẹn, kì í tètè kú. Òjò kan ṣoṣo ló rọ̀ tó fi rúwé. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé òkú Mọ́ládé dé láti Ṣakí, kò sí ẹni tó lè mọ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ẹkún mi kì í sì í ṣe irọ́. Ẹ ò rí i pé èèyàn lè burú kó sì tún máa sunkún.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Kàdírì wá bá mi nídìí òfì. Ó dúró, kò jókòó. Ó ní, “Àsánì, pèrègún ti rìn.”

Mo ní, “Pèrègún kì í rìn, Kàdírì.”

Ó ní, “Mo mọ̀ pé kì í rìn. Ìdí tí mo fi wá bi ọ́ nìyẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ ẹ́ ló ń dà á láàmú, kó lọ sinmi. Ó mú ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀yin baálé. Bàbá Ọláyanjú, ẹ rántí, ẹ̀yin àti àwọn àgbà méjì lẹ wá pẹ̀lú okùn. Ẹ ka ìwé, ìwé ní ibi pèrègún ni ààlà, pèrègún sì nìyí. Ẹ bi Kàdírì bóyá ó ní ẹlẹ́rìí. Ó ní, “Mo ní ẹlẹ́rìí kan, àmọ́ n ò lè pè é.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òpùrọ́. Ta ló rí mi? Ẹ ní kí n búra. Mo ṣe àlùwàlá, mo gbé ọwọ́ lé Kùránì, mo ní n ò yẹ pèrègún kan kúrò níbi tí bàbá wa gbìn ín sí. Lẹ́mọ́ọ̀mù, ẹ má mira lórí àga yín, ó kù.

Láti ọjọ́ yẹn ni Kàdírì ti dẹ́kun àtimáa kí èèyàn. Gbogbo àdúgbò ló fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìdájọ́, kò sì kí ẹnikẹ́ni mọ́. Èyítáyọ̀ lọ sí Kútọnu láti lọ máa tajà, ilé wá ṣófo fún bàbá rẹ̀. Òwú tó ń nà kọjá lójúde mi, ó ń nà án sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni. Ewé tó ń jó, orí ilẹ̀ rẹ̀ náà ló ti ń jó o. Ẹ̀yin ni ẹ ń pè é ní aládùúgbò burúkú.

Èmi ní tèmi, ìfura kò jẹ́ kí n jẹun. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe oògùn, àrùn ni. Gbogbo ẹni tó bá wò mí lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé òun ni ẹlẹ́rìí. Mo fura sí bíríkìlà, mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fura sí ìyá arúgbó kan tó ń ta ẹ̀wà lójú ọ̀nà, mo dẹ́kun àtimáa rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Àní mo fura sí Fàtímọ̀. Lójú tèmi, olúkúlùkù ló ń dọ́gbọ́n sí mi. Olè ló kúkú mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta.

Ìgbà yẹn ni àwọn ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ omi fún mi. Wọ́n ní ní gbogbo òwúrọ̀ Jímọ̀, Kàdírì á gbé bùtà, á kọjá pèrègún wá sí ọ̀dọ̀ wọn, á bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìwẹ̀, á rọra da omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́. Kò ní wo ẹnikẹ́ni. Bó bá ṣe tán, á padà sílé rẹ̀. Ayálégbé kìíní kó jáde, ìkejì kó jáde. Nígbà tí Tíṣà àti Ayọ̀tọ́lá wọlé, oyún ti wà nínú Ayọ̀tọ́lá. Ìwọ náà rántí, Ayọ̀tọ́lá, o pè mí, o ní, “Bàbá Lańlọ́ọ̀dù, ẹ wá fojú ara yín rí i. Ibi tí mo ti ń wẹ̀ ni bàbá yẹn ń pọfọ̀ sí.”

Mo wá. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì pálọ̀ yín láti ìdájí. Nígbà tí oòrùn yọ díẹ̀, mo rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú bùtà. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ilẹ̀ náà bí ẹni ń pa orí ọmọ, ó sì da omi sí i. Mi ò gbọ́ ohun tó ń wí. Bí mo bá jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́, n bá ti jáde lọ bi í. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ó ti ń ṣe mí, ó ti mọ̀ pé mo jí ilẹ̀ òun, ó sì ń fi oògùn lé ayálégbé mi lọ kí ilé náà lè hu koríko.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni oyún náà wálẹ̀. Tíṣà, mo rántí bí o ṣe jókòó sórí àpótí aṣọ yín níta, tí o ní, “Bàbá, ẹ wá nǹkan ṣe, àbí kí àwa wá nǹkan ṣe.” Gbogbo àdúgbò ti gbà pé Kàdírì ló ṣe é. Mo dá ọjọ́ ọjà, nígbà tó gbé aṣọ rẹ̀ lọ tà, mo mú ọkọ́, mo lọ gbẹ́ ibi tó ń da omi sí.

Kò jìn, ó tó ìgbọ̀nwọ́ méjì. Ọkọ́ mi kan ìkòkò kékeré kan. Àwo tánganran funfun tó ní òdòdó pupa ni wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀. Inú mi dùn! Mo kígbe pe Fàtímọ̀, mo ní, “Wá wò ó, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn.” Ó sáré dé. Ó wo ìkòkò, ó wo àwo, ó sì kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Sodiqat, ẹ dá a padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ da yẹ̀pẹ̀ bò ó.”

Mo ní, “Kí lo mọ̀ nípa rẹ̀?”

Ó ní, “Àwo mi ni. Èmi ni mo fún Mọ́ládé lọ́jọ́ tó bí Èyítáyọ̀. Olóbi ọmọ yẹn ló wà nínú rẹ̀. Ìyá Kàdírì ló lọ sin ín, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé òun.”

Ẹ̀yin àgbà mọ̀, àmọ́ ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ọsibítù lè má mọ̀. Olóbi tó bá tẹ̀ lé ọmọ jáde, inú ìkòkò tuntun la ń gbé e sí, a ó sin ín sórí ilẹ̀ bàbá ọmọ, ibẹ̀ la ó sì ti máa wẹ ọmọ náà. Àṣírí ni ibẹ̀ jẹ́. A kì í jẹ́ kí ọ̀tá mọ̀ ọ́n, torí wọ́n gbà pé ẹni tó bá ní olóbi ọmọ lọ́wọ́ lè ṣe ọmọ náà ní ibi, bó tilẹ̀ wà lókè òkun. Omi tí Kàdírì ń dà síbẹ̀ ní Jímọ̀ Jímọ̀, omi ìtura ni fún ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà ní Kútọnu. Òun sì ni ẹlẹ́rìí tí kò lè pè. Ta ni yóò sin olóbi ọmọ rẹ̀ sórí ilẹ̀ onílẹ̀? Ká ní ó wú ìkòkò náà lójú gbogbo yín lọ́jọ́ ìdájọ́, ìbúra mi ì bá ti fọ́. Ṣùgbọ́n ó yàn láti pàdánù ilẹ̀ ju kó tú àṣírí ọmọ rẹ̀ lọ.

Gbogbo èyí ló yé mi láàárín ìṣẹ́jú kan, níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú ọkọ́. Ẹ má ṣe wí pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Ohun tí mo sọ fún Fàtímọ̀ ni pé, “Bí o bá la ẹnu rẹ, wàá padà sílé bàbá rẹ ní Tẹ̀dé.” Láti ọjọ́ náà, Fàtímọ̀ ń se oúnjẹ fún mi, àmọ́ kò bá mi jẹ nínú àwo kan mọ́.

Mo gbé ìkòkò lọ sójúde baálé. Ẹgbẹ́ lańlọ́ọ̀dù wá, àwọn ọ̀dọ́ wá, àwọn ayálégbé wá. Ẹ ránṣẹ́ sí Kàdírì ní ọjà. Nígbà tó dé tó rí ìkòkò náà nílẹ̀ láàárín èrò, ó sáré wá na ọwọ́ sí i. Gbogbo èèyàn ní, “Ẹ ò rí i, ó ti jẹ̀bi.” Ẹ bi í pé kí ni. Ó ní kì í ṣe oògùn. Ẹ ní kí ni nígbà náà? Ó wo ojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú rẹ̀ fi kan tèmi, mo sì rí i pé ó mọ̀ pé mo mọ̀. Ó ń wá ẹnu kan ṣoṣo tó máa bá òun sọ ọ́ láìdárúkọ ọmọ. Èmi ni mo ní ẹnu náà. Mo wẹ̀yìn.

Ó wá ní, “Ẹ ṣáà fún mi padà. Mo máa kúrò ní ìlú yìí. Ẹ fún mi padà.” Kàdírì tí kì í kí èèyàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn ọmọ tó lè bí. Ẹ ò fún un. Ẹ ní kí èmi tí mo hú u jáde lọ pa á run, kí òun sì kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n ti sọ òkò lù ú kó tó dé ilé, ọ̀kan bà á létí, ẹ̀jẹ̀ ń sun. Ó kó lọ sí Ogbooro lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, ó ń gbin iṣu.

Èyítáyọ̀, ọmọ mi, dákun dì mọ́ ọmọ rẹ dáadáa. Mi ò sun ìkòkò náà. Mi ò sì sin ín. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sin ín síbìkan, ẹnì kan lè tún wú u kó rí àwo Fàtímọ̀ kó sì bi í léèrè. Mo ṣí ìdérí ṣáláńgá ilé yẹn, mo sọ ọ́ sínú rẹ̀. Mo dúró títí mo fi gbọ́ tó bọ́ sílẹ̀. Inú ìgbẹ́ àwọn ayálégbé ni mo ju olóbi rẹ sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù, torí òun ló burú jù. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, mo lọ ra iṣu ní Ogbooro. Mo ń bá oníṣu dúnàádúrà lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn Kàdírì lẹ́yìn mi. Ó ti rù, etí ibi tí òkúta ti bà á ti gé díẹ̀. Ó ní, “Àsánì, mi ò bá ọ jà. Ilẹ̀, mo ti fi sílẹ̀ fún ọ. Ibo lo gbé e sí?” Mo lè sọ òótọ́. Mo lè ní n ò mọ̀, kódà ìyẹn ì bá sàn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó kórìíra mi. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn! Mo rántí igi òrí kan tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí èèyàn tó wọ Tẹ̀dé, tí mo rí láti inú mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní, “Mo ṣàánú rẹ, Kàdírì. Mi ò pa á run. Ìdí igi òrí báyìí báyìí ni mo sin ín sí.”

Ojú rẹ̀ tàn. Ó gba ọwọ́ mi méjèèjì. Ó ní, “Àsánì, o ṣeun. Ọlọ́run á dá ọmọ tìrẹ náà sí.” Ìkíni àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ fún mi láti ọjọ́ ìbúra nìyẹn, orí irọ́ ló sì kí mi sí.

Láti ìgbà yẹn, ó ń wọ mọ́tò láti Ogbooro wá síbẹ̀ lóṣooṣù pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi. Àwọn awakọ̀ sọ ọ́ ní Bàbá Olómi. Ẹnu wọn ni mo ti ń gbọ́ ọ, wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní gáréèjì, àwọn míì á ní àjẹ́ ni, àwọn míì á ní ó ń bọ igi. Mo ń gbọ́, mo ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ọdún mẹ́ta ló fi ń lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ń sọdá títì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, tírélà kan sáré dé, ó sì gbá a. Èmi ni mo dá ọ̀nà yẹn fún un. Ẹni tó wa tírélà kò mọ̀ ọ́n rí, èmi tí mo pa á ni mo mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Èyítáyọ̀ wọ yàrá yìí pẹ̀lú búrẹ́dì àti aṣọ tó rà fún mi. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Bàbá Sodiqat, bàbá mi sọ fún mi lórí fóònù kí wọ́n tó kú pé gbogbo ìlú ló lé àwọn, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣàánú àwọn. Mo ti bímọ báyìí. Mo fẹ́ lọ wẹ ọmọ mi nídìí igi yẹn ní òwúrọ̀ Jímọ̀. Ẹ bá mi fi ojú ibẹ̀ gan-an hàn mí.” Mo ní kó padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Òní náà nìyí. N ò jẹ́ fi ojú ibì kankan hàn ọ́, Èyítáyọ̀. Kò sí nǹkan rẹ níbẹ̀ ju ibi tí bàbá rẹ kú sí lọ.

Mo rí i pé o ti dìde. Kí lo wí? Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ. O ní ẹ̀ẹ̀melòó ni bàbá rẹ lọ síbẹ̀? N ò lè sọ pàtó, ọmọ mi. Àwọn awakọ̀ ní kò pa oṣù kan jẹ.

Ilé tí mo fi rẹ́ǹtì, tìẹ ni láti òní lọ, àti ilé àti ilẹ̀, ṣáláńgá àti pèrègún. Bàbá Ọláyanjú, ẹ̀yin lẹ fi ìdájọ́ tì mí lẹ́yìn nígbà náà, ẹ bá mi jẹ́rìí sí èyí náà. Mi ò fi san nǹkan kan, torí kò sí ohun tó lè san án. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí aládùúgbò yín bá yan odì, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè irú èèyàn burúkú tó jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹni tó ń ròyìn rẹ̀ fún yín. Tíṣà, Ayọ̀tọ́lá, ẹ forí jì mí, mo fi oyún yín tó wálẹ̀ ṣe ohun ìjà.

Lẹ́mọ́ọ̀mù, nígbà tí ẹ bá tẹ́ mi síwájú láti kírun sí mi lára, tí ẹ sì bèèrè bí ẹ ti máa ń bèèrè, pé ta ni òkú yìí ṣẹ̀, mo mọ ohun tí àwọn ará wa máa ń ṣe. Kíá ni wọ́n á ní a ti forí jì í, kí wọ́n lè tètè sin òkú kí oòrùn tó mú. Lọ́jọ́ tèmi, ẹ má yára. Ẹ wo ibi tí Èyítáyọ̀ bá dúró sí, kí ẹ dúró dè é. Sodiqat, àti ẹ̀yin ọmọ mi yòókù, ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọdọ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá gba wákàtí kan, ẹ fi mí sílẹ̀ sínú oòrùn. Bàbá rẹ̀ dákẹ́ nítorí rẹ̀. Kí òun má ṣe dákẹ́ nítorí mi.